Ẹ̀wà kì í ṣe ẹwà: bí a ṣe ń fi táàgì wá àkóónú tó bára tan nínú WordPress

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ẹ̀yin olóòtú ìkànnì, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ kóòdù, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkòkò gbẹ̀gìrì. Mo ń tọ́jú ìkànnì kan tí a ń kọ gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá, tí irú àkóónú mẹ́ta sì wà níbẹ̀: oúnjẹ àti bí a ṣe ń sè é, ìtàn, àti oge ṣíṣe, ìyẹn irun dídì, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, a fi àyè sílẹ̀ fún ohun mẹ́rin tó bá ojú-ewé náà tan, kí ẹni tó ka bí a ṣe ń se gbẹ̀gìrì lè rí mọ́ínmọ́ín, kí ó rí àkàrà, kí ó sì rí ìtàn bí àkàrà ṣe tẹ̀lé àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí wọ́n ti ń dín in ní epo pupa, tí wọ́n sì ń pè é ní acarajé títí di òní. Ohun tí mo rí nísàlẹ̀ gbẹ̀gìrì ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí ni ṣùkú, pàtẹ́wọ́ àti kọ̀lẹ́sẹ̀, irun orí mẹ́ta gbáko, àti mọ́ínmọ́ín kan ṣoṣo.

Táàgì ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a fi ń sàmì sí ojú-ewé kí a lè mọ ohun tó dá lé. Ẹni tó kọ nípa irun fi táàgì ẹwà sí i, ó tọ̀nà. Ẹni tó kọ nípa gbẹ̀gìrì fi táàgì ẹ̀wà sí i, òun náà tọ̀nà. Ẹ̀rọ ni kò gbọ́ ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi táàgì wá ìbátan láàárín àkóónú Yorùbá kò lè fara mọ́ kóòdù tó dà kọ láti ibòmíràn kí ó sì fọkàn balẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí táàgì ń gbé nínú ètò náà, ó sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ tí ẹ̀rọ ń pè é nínú ilé.

WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ìkànnì tí a sì fi ń bójú tó o, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni èmi fúnra mi ń lò, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò. Matt Mullenweg àti Mike Little ló gbé e jáde ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 2003, láti ara ètò kan tó ti wà ṣáájú tí wọ́n ń pè ní b2. Ìsọ̀rí nìkan ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀dà 2.3 tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 ló mú táàgì wọlé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, ẹ̀dà 3.0 mú kí ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti dá irú àkóónú tirẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, ẹ̀dà 3.1 gbé tax_query dé, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń béèrè àkóónú nípa táàgì tàbí ìsọ̀rí rẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn: táàgì dé, lẹ́yìn náà ni irú àkóónú àdáni dé, ọ̀nà tí a fi ń béèrè wọn pọ̀ ló kẹ́yìn. Mo gbà pé ìtẹ̀léra yìí ló fà á tí àwọn apá kan nínú ètò náà ṣì ń hùwà títí di òní bí ẹni pé póòsìtì lásán nìkan ló wà láyé.

Nínú dátábéèsì WordPress, ohun gbogbo tí òǹkàwé ń kà ń gbé inú àtẹ kan ṣoṣo tó ń jẹ́ wp_posts, yálà ó jẹ́ póòsìtì, oúnjẹ, ìtàn tàbí oge. Òpó kan tó ń jẹ́ post_type ló ń sọ irú èyí tí kálukú wọn jẹ́. Orúkọ táàgì ń gbé inú wp_terms pẹ̀lú slug rẹ̀, ìyẹn orúkọ kúkúrú tí wọ́n ti bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀ kí ó lè wọ inú àdírẹ́sì ìkànnì. Àtẹ wp_term_taxonomy ló ń sọ iṣẹ́ tí orúkọ náà ń ṣe, bóyá táàgì ni tàbí ìsọ̀rí, ó sì ń ka iye ohun tí a ti so mọ́ ọn. Èyí tó kẹ́yìn, wp_term_relationships, ni okùn tó so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ kò ní rí orúkọ kankan níbẹ̀. Nọ́mbà ojú-ewé wà ní apá kan, nọ́mbà táàgì wà ní apá kejì, òpó kékeré kẹta sì wà fún títò tí ọ̀pọ̀ ìkànnì kì í lò.

Ìbátan tí à ń wí kò ju èyí lọ: ojú-ewé méjì bára tan nígbà tí nọ́mbà táàgì kan náà bá wà níwájú àwọn méjèèjì nínú àtẹ yìí. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé inú ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì àti àkàrà ti jáde. Ohun tó mọ̀ ni pé 27 wà níwájú èyí, 27 sì wà níwájú èyí náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́mbà 27 yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí okùn yìí tó lè so ohunkóhun, irú àkóónú tí a dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba táàgì. Nígbà tí a bá ń fi register_post_type forúkọ oúnjẹ sílẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ post_tag, orúkọ tí WordPress ń pe táàgì nínú kóòdù, sí abẹ́ taxonomies rẹ̀, tàbí kí a lo register_taxonomy_for_object_type lẹ́yìn náà. Bí a bá gbàgbé, olóòtú kò ní rí àpótí táàgì rárá. Ibi tó tún máa ń dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni ojú-ewé àkójọ táàgì. Òǹkàwé tó tẹ táàgì ẹ̀wà yóò retí oúnjẹ àti ìtàn, ṣùgbọ́n póòsìtì nìkan ni WordPress yóò kó fún un, bí kò bá sì sí póòsìtì kankan, yóò sọ pé òun kò rí nǹkan. Kò parọ́, a kò dárúkọ irú àkóónú mìíràn fún un ni. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a dúró de ìbéèrè náà ní pre_get_posts, ibi tí WordPress ti ń gbà wá láàyè láti tún ìbéèrè ṣe kí ó tó lọ, kí a rí i dájú pé ìbéèrè àgbà ti ojú-ewé náà gan-an ni, kí a sì rí i dájú pé a kò sí ní ọ̀dọ̀ alábòójútó, kí a tó fi orúkọ àwọn irú àkóónú wa sínú post_type. Ẹ má fo àyẹ̀wò méjèèjì yìí, nítorí bí ẹ bá fò wọ́n, àwọn ìbéèrè tí ẹ kò ní lọ́kàn, àní èyí tó ń kó àkójọ líǹkì orí ìkànnì yín jọ pàápàá, lè yí padà lójijì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí a wá béèrè. Òǹkàwé wà lórí gbẹ̀gìrì. Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ táàgì tí gbẹ̀gìrì gbé dání, get_the_terms ni mo sì fẹ́ràn fún èyí ju wp_get_post_terms lọ, nítorí pé ó máa ń kọ́kọ́ wo ohun tí WordPress ti há sórí kí ó tó lọ kan ilẹ̀kùn dátábéèsì. Nínú ohun tó bá dá padà, a ó yọ term_id kálukú jáde, a ó sì pe WP_Query, irinṣẹ́ tí WordPress fi ń wá ojú-ewé nínú dátábéèsì. A ó sọ fún un nínú post_type pé oúnjẹ, ìtàn àti oge ni à ń wá. A ó sọ pé mẹ́rin péré ni a fẹ́. A ó fi post__not_in yọ gbẹ̀gìrì fúnra rẹ̀ kúrò, nítorí pé kò sí ohun tó bá gbẹ̀gìrì tan tó gbẹ̀gìrì. A ó sì kọ tax_query tí taxonomy rẹ̀ jẹ́ post_tag, tí field rẹ̀ jẹ́ term_id, tí terms rẹ̀ jẹ́ àwọn nọ́mbà tí a yọ, tí operator rẹ̀ sì jẹ́ IN. Ó dára kí a fi no_found_rows sí true pẹ̀lú, kí ẹ̀rọ má baà máa ka gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé mẹ́rin ni a fẹ́ fi hàn. Bí a bá ti tò wọ́n tán, wp_reset_postdata gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó kù nísàlẹ̀ ojú-ewé náà yóò rò pé orí àkàrà ni òun wà.

IN túmọ̀ sí pé kí ohun tí à ń wá ní ọ̀kan, ó kéré tán, nínú àwọn táàgì náà. AND túmọ̀ sí pé kí ó ní gbogbo wọn. Fún ìsàlẹ̀ ojú-ewé, IN ló yẹ, nítorí bí gbẹ̀gìrì bá ní táàgì márùn-ún, ó ṣòro kí ojú-ewé mìíràn ní márààrùn-ún pé. AND ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbi tí òǹkàwé bá ti fúnra rẹ̀ yan ẹ̀wà àti Bahia pọ̀, tí kò sì fẹ́ èyí tó ní ọ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀fìn kan wà lójú ọ̀nà yìí tí mo rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń já sí. Yàtọ̀ sí tax_query, WP_Query tún ní ọ̀nà àbùjá tó ń jẹ́ tag__in, ó kúrú, ó sì dùn ún kọ. Ṣùgbọ́n bí ojú-ewé kan kò bá ní táàgì rárá, tí a sì fi àkójọ òfìfo fún tag__in, WordPress yóò ṣe bí ẹni pé a kò béèrè táàgì kankan, yóò sì kó àwọn ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ibi gbogbo wá, bí ẹni pé wọ́n bára tan. Bí ó bá jẹ́ tax_query pẹ̀lú IN ni a fi àkójọ òfìfo fún, kò ní mú ohunkóhun wá. Èyí kejì ni òtítọ́. Ó sàn kí ìsàlẹ̀ ojú-ewé ṣófo ju kí a fi àjèjì han òǹkàwé ní orúkọ mọ̀lẹ́bí, nítorí náà mo máa ń wò ó ṣáájú: bí kò bá sí táàgì, n kò ní béèrè rárá.

Ìṣòro tó tún tẹ̀lé e ni pé WP_Query kò mọ ẹni tó súnmọ́ jù. Ojú-ewé tó bá gbẹ̀gìrì pín táàgì mẹ́rin àti èyí tó bá a pín ẹyọ kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ ni wọ́n lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí a gbé wọn jáde ló fi ń tò wọ́n bí a kò bá sọ ohun mìíràn. Àwọn kan máa ń kọ SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, fúnra wọn, kí wọ́n fi GROUP BY kó ojú-ewé jọ, kí wọ́n sì ka iye ìlà tí kálukú ní nínú wp_term_relationships. Ọ̀nà tó dára ni. Ní tèmi, mo máa ń ní kí WP_Query kó nọ́mbà ìdánimọ̀ ọgbọ̀n ojú-ewé wá, kí n wá fi PHP, èdè tí a fi kọ WordPress, ka táàgì tí kálukú bá ojú-ewé wa pín, kí n tò wọ́n, kí n sì mú mẹ́rin tó ga jù.

Iye nìkan kò sì tó. Ká sọ pé táàgì oúnjẹ wà lára 200 ojú-ewé, tí táàgì gúgúrú sì wà lára mẹ́ta. Ojú-ewé méjì tó pín táàgì oúnjẹ kò tíì sọ ohun kan fún ara wọn. Ará ìlú kan náà ni wọ́n. Àwọn tó pín gúgúrú, ọmọ agboolé kan ni wọ́n. Mo ti sọ pé wp_term_taxonomy ń ka iye ohun tó so mọ́ táàgì kọ̀ọ̀kan. Ẹ lo iye yẹn. Bí a bá pín 1 sí iye náà, tí a sì ro èsì gbogbo táàgì tí ojú-ewé méjì jọ ní pọ̀, gúgúrú yóò fún ìbátan ní agbára ìdá kan nínú 3, oúnjẹ yóò fún un ní ìdá kan nínú 200, èsì tí a ó rí yóò sì jọ ohun tí olóòtú tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ì bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbìyànjú lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló tíì tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ìṣirò náà kò níláti wáyé ní gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ṣí ojú-ewé; a lè tọ́jú èsì rẹ̀ sínú transient, ìyẹn ibi ìpamọ́ onígbà díẹ̀ ti WordPress, fún wákàtí mélòó kan, kí a sì pa á rẹ́ nígbà tí a bá tún táàgì ojú-ewé kan ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 27 àti ohùn ọ̀rọ̀. Nígbà tí WordPress bá fẹ́ ṣe slug, ó máa ń yí ẹ padà sí e, á yí ọ padà sí o, á sì yọ àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ dànù. Ẹ̀wà tí à ń jẹ di ewa. Ẹwà tí à ń wò lára ènìyàn di ewa. Ẹ̀wá tí í ṣe iye ìka ọwọ́ méjèèjì, òun náà di ewa. Ẹni tó bá ń tọ́jú ìkànnì àgbẹ̀ yóò rí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ: oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀, ọ̀rọ̀ márùn-ún tí ọmọ kékeré kì í ṣì pè nínú ilé wa, oko ni gbogbo wọn yóò dà. Nítorí náà, bí a bá kọ field ní slug nínú tax_query, tí a sì fi ẹwà sí i, ti ẹni tó ni slug ewa ni ẹ̀rọ yóò mú wá, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló sì ni ín. Bí a bá sá lọ sí name, dátábéèsì fúnra rẹ̀ kì í sábà fi àmì ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nígbà tó bá ń fi wọ́n wéra, nítorí bí wọ́n ṣe máa ń gbé MySQL kalẹ̀ fún WordPress ni pé kí lẹ́tà tó ní àmì àti èyí tí kò ní jẹ́ ọgbọọgba.

Nọ́mbà nìkan ni kì í ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn gbẹ̀gìrì wa, term_id ni mo lò, ó sì ṣì kùnà, nítorí pé ẹ̀bi náà ti wáyé kí ìbéèrè tó dé. Èmi ni mo kọ kóòdù tó kó àwọn àkọsílẹ̀ irun wọlé láti inú fáìlì, mo sì fi orúkọ táàgì wọn ránṣẹ́ sí wp_set_object_terms. Kí iṣẹ́ yìí tó dá táàgì tuntun, ó máa ń wò bóyá slug rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹwà di ewa. Ewa ti wà, ti ẹ̀wà jíjẹ ni, nọ́mbà rẹ̀ sì ni 27. Ó bá so ṣùkú, pàtẹ́wọ́ àti kọ̀lẹ́sẹ̀ mọ́ 27 láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olóòtú tó bá fi ọwọ́ tẹ ẹwà sínú àpótí táàgì lè rí táàgì tuntun gbà, tí slug rẹ̀ yóò ní nọ́mbà nídìí bíi ewa-2. Kóòdù mi kò fún ẹ̀rọ ní àǹfààní yẹn.

Ohun kejì tó jọ èyí, tó sì tún jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ni pé kíbọọ̀dù wa kò kọ lẹ́tà kan náà bákan náà. Àwọn kan ń tẹ ẹ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, àwọn mìíràn ń tẹ e kí wọ́n tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Láti ẹ̀dà 6.1 ni WordPress ti ń gbìyànjú láti sọ irú méjì yìí di ọ̀kan. Àmọ́ ẹni tó bá lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán dípò àmì tóótóó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ṣe ń ṣe, yóò rí slug tó yàtọ̀ pátápátá, ó sì lè dá táàgì tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó ti ní táàgì. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ náà. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń so àjèjì pọ̀ ló tún ń tú ọmọ ìyá ká.

Ohun tí a ṣe nìyí. A yí slug ti ẹ̀wà padà sí ewa-jije, a dá ti oge sílẹ̀ ní ewa-oge, orúkọ tí òǹkàwé ń rí sì wà pẹ̀lú àmì rẹ̀ ní pípé. Gbogbo kóòdù tó ń so táàgì mọ́ àkóónú ni mo tún kọ kí ó fi nọ́mbà sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ kíyè sí i pé nọ́mbà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́mbà ní tòótọ́: bí ẹ bá ka 27 láti inú fáìlì tí ẹ kò sọ ọ́ di integer, ìyẹn odidi nọ́mbà, wp_set_object_terms yóò kà á sí orúkọ, yóò sì dá táàgì tuntun tó ń jẹ́ 27 sílẹ̀ fún yín. Ẹ tún rántí pé bí ẹ kò bá sọ fún un pé kí ó fi kún èyí tó wà, yóò fi tuntun rọ́pò gbogbo táàgì àtijọ́ ojú-ewé náà.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá mú èròjà oúnjẹ kúrò nínú táàgì, tí mo fi register_taxonomy dá àyè tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, mo sì so ó mọ́ oúnjẹ àti ìtàn nìkan. Mo sọ ọ́ di hierarchical, ìyẹn irú èyí tí ọ̀kan lè wà lábẹ́ òmíràn, kì í ṣe nítorí pé ẹ̀wà ní bàbá tàbí ọmọ, bí kò ṣe pé irú èyí máa ń fún olóòtú ní àkójọ tí yóò ti yan ohun tó fẹ́, dípò àpótí tí yóò ti tẹ̀ ẹ́ ní tirẹ̀. Oge kò ní àyè níbẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí irun lè gbà wọ inú ìkòkò. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí a kúkú pa táàgì rẹ́ pátápátá. N kò gbà, n kò sì tíì gbà. Táàgì ni ohun kan ṣoṣo tó ń rìn láàárín irú àkóónú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìgba àṣẹ. Òun ló lè so ìlẹ̀kẹ̀ iyùn mọ́ ìtàn ìlú tí wọ́n ti ń lò ó. Àwọn méjèèjì ni ìbéèrè wa ń lò báyìí, èròjà àti táàgì nínú tax_query kan, tí relation wọn sì jẹ́ OR.

Apá tó kù jẹ́ ti olóòtú. Ọ̀ọ̀lẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín ṣì jẹ́ táàgì méjì lórí ìkànnì wa, nítorí pé ilé kálukú ló ní orúkọ tirẹ̀ fún un, kò sì sí kóòdù tó lè pinnu èyí tí a ó fi sílẹ̀. Olóòtú méjì ló máa ń jókòó ti táàgì tuntun kí a tó gbà á wọlé, ọ̀kan yóò pè é sókè, èkejì yóò kọ ohun tó gbọ́, pẹ̀lú àmì. Nísàlẹ̀ gbẹ̀gìrì, ohun mẹ́rin tí òǹkàwé yóò rí lónìí ni àkàrà, èkuru, mọ́ínmọ́ín, àti ìtàn àwọn ìyá tó ń dín acarajé lójú pópó ní Salvador.